Ọjọ́ tí Mo Kọ́ Wọn ní «Élan»

Ọdún tí ìjọba ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ káàkiri ni ìnsípẹ́kítọ̀ wọ kíláàsì mi n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ṣí ìwé, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ohun tó bá kọ síbẹ̀ ló máa sọ bóyá iṣẹ́ mi á kù tàbí á lọ. Bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ló ń gba owó oṣù nílé wa ní Ayépé.

Gẹ̀ẹ́sì là ń kọ́. Àfi gbàgà tí mo pàdé ọ̀rọ̀ Faransé kan táwọn Gẹ̀ẹ́sì yá lò: élan. Mo ka ìtumọ̀ rẹ̀ látinú díṣọ́nárì, mi ò gbójú sókè. Kò yé ẹnì kankan. Ọmọbìnrin kan tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló jẹ́ gan-an?"

Yéè, ọmọ yìí fẹ́ pa mí! Yorùbá nìkan ni mo lè fi ṣàlàyé ẹ̀ yé wọn, èèwọ̀ sì ni Yorùbá ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Èmi fúnra mi ti fi àwọn ọmọ kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi. Mo pa díṣọ́nárì dé, mo bẹ̀rẹ̀ Yorùbá.

"Kì í ṣe agbára nìkan, kì í ṣe ìdùnnú nìkan. Ẹ rántí ọmọ tó sáré kẹ́yìn níbi ìdíje eré sísá wa. Ẹgbẹ́ tiẹ̀ ló wà lẹ́yìn pátápátá, síbẹ̀ ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹnìkejì ẹ̀, ara ẹ̀ yá gágá, ó ń sáré bí ẹni tó ṣáájú, títí gbogbo wa fi dìde. Ohun tó wà lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn!"

"Háà!" ni wọ́n ṣe. Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ nǹkan. Ó ní kí ọmọ tó béèrè lo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà dìde, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé pé olùkọ́ àwọn sọ élan rẹ̀ nù nígbà tí bàbá yìí wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i he ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí mi.

"Ṣé òótọ́ ni, mà?"

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Ó pa ìwé ẹ̀ dé, ó jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà ìjọba dé. Wọ́n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi, tí mo bá lè jáwọ́ nínú Yorùbá ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Mo sunkún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò jáwọ́. Mi ò sì fi ọmọ kankan kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ mọ́.