Ẹní Nei Terengaki Tí Wọ́n Sọ Di Aláìlórúkọ

Ní Bikenibeu, ní erékùṣù Tarawa lórílẹ̀-èdè Kiribati, níbi tí wọ́n ti ń fi "Nei" ṣáájú orúkọ obìnrin, kò sí ẹni tí kò mọ Nei Teaote. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà lẹ́bàá òkun níbẹ̀. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, àmọ́ bí inú bá bí i, ṣe ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ohun tó gbé sọ́kàn jù ni orúkọ Nei Terengaki, ahunní, ìyẹn ẹni tó ń hun ẹní àti abẹ̀bẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò láfiwé nígbà ayé rẹ̀. Àwọn òyìnbó ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́ta ló pín in mọ́wọ́. Bí èèyàn bá wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí yóò rí ni "obìnrin kan, Pàsífíìkì". Teaote kò gbà. Ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan fún olóògbé náà, irú èyí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jọ ń lò kí kọ̀ǹpútà tibí àti tọ̀hún lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n ń sọ. Ó wá ń bẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n kọ ọ́ síwájú gbogbo iṣẹ́ obìnrin náà. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó gbà. Lọ́jọ́ tí èyí tó kẹ́yìn gbà, Teaote tẹ nọ́ńbà náà, gbogbo ẹní àti abẹ̀bẹ̀ sì tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ ìyá tó pàdé. Ó sunkún.

Ó ṣèlérí fún àwọn ìyá àgbà pé òun á fi àwọn iṣẹ́ náà hàn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n péjọ lọ́sàn-án Sátidé kan sí maneaba, gbọ̀ngàn tí abúlé ti ń ṣèpàdé. Nei Bwakineti, ọmọ bíbí inú Terengaki, jókòó síwájú pátápátá, ó fi òdòdó sórí. Teaote tẹ nọ́ńbà náà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹní díẹ̀ jáde, àwọn tó dára jù kò sí níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀.

"Teaote, ṣé ẹja ti gbé e mì ni?" obìnrin kan bi í. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fún mi láyè, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wọ ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti tún un ṣe, ó ń dán yinrin. Wọ́n sì ti yọ nọ́ńbà náà dànù. Lábẹ́ ẹní tó rẹwà jù, wọ́n kọ "Ahunní tí a kò mọ̀". Orúkọ òyìnbó tó gbé e lọ wà níbẹ̀ gbàgàdà, tòun ti àwòrán rẹ̀.

Bwakineti ní kí Teaote túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó gbọ́, ó yọ òdòdó orí rẹ̀.

Inú bí Teaote gan-an. Ní Mọ́ńdè, ó pe òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kan, Corwin, lórí fídíò, ó sì mú Bwakineti jókòó tì í.

"Ètò tuntun wa ni kò gba nọ́ńbà tó wá láti ìta," Corwin wí. "Ẹ fún wa di ọdún tó ń bọ̀."

"Láti ìta kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i! Kí ló dé tí ètò yín ò gbàgbé orúkọ ẹni tó gbé e lọ?"

"Ìyẹn ti wà tẹ́lẹ̀ ni, màdáámù."

"Ìyá tó hun ún ńkọ́? Ṣé lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá hun ún?"

Bwakineti sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Bi í pé kí lorúkọ ìyá ẹ̀."

Teaote bi í. "Judith," ọkùnrin náà dáhùn.

"Sọ fún un pé èmi ò mọ Judith kankan. Obìnrin kan ṣáá ló bí i."

Teaote túmọ̀ rẹ̀ láì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Teaote kò fi mọ síbẹ̀. Ó fi ẹjọ́ náà sun àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì yòókù, ó sọ ọ́ lórí rédíò, àwọn ọmọ Kiribati tó wà lẹ́yìn odi sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo Corwin àtàwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó ṣe, nọ́ńbà náà padà sára àwọn ẹní. Àmọ́ àwọn abẹ̀bẹ̀ ṣì wà láìlórúkọ. Wọ́n ní ẹ̀ka mìíràn ló ń bójú tó ìyẹn. Corwin wá ní kí Teaote fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ráńpẹ́ ránṣẹ́, kí àwọn lè gbé e sórí ìkànnì.

"Ká dúpẹ́ kẹ̀?" Bwakineti figbe ta. "Lórí orúkọ ìyá mi?"

Teaote fèsì pé: "Àwọn abẹ̀bẹ̀ wa ńkọ́?" Títí di òní wọn ò tíì dá a lóhùn. Inú sì ṣì ń bí i.