Wọ́n Ti Géètì Mọ́ Ẹlẹ́nu Máfọwọ́kànmí

Máfọwọ́kànmí ti kú. Orí bẹ́ńṣì ló kú sí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ńlá àdúgbò wa, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí dókítà wà níbẹ̀, tí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tí iná wà, tí oògùn sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀dì ti kún. Wọn ò sọ pé dókítà lọ jẹun. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Kò sọ̀rọ̀."

Kò sọ̀rọ̀! Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni? Ẹni tí mọ́tò gbá, tí wọ́n gbé wọlé, ṣé ó kọ́kọ́ máa ń kí wọn kú iṣẹ́ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti alágbàfọ̀. Ọ́tísíìmù ni àwọn dókítà ń pe ohun tó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe di obìnrin tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Kò fẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan òun. Ariwo a máa gún un létí bí abẹ́rẹ́. Bí ibì kan bá kún jù, tí iná ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ jù, ohùn rẹ̀ á lọ. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í ṣe ìbínú. Ohùn náà á kàn lọ, bí ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá dá.

Àdúgbò ló sọ ọ́ ní Máfọwọ́kànmí, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló ṣe? Ó ra ọ̀dà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ìwọ, ojú ò tì ọ́?" Ó ní, "Mama, ẹni tó bá ti kà á níta, mi ò ní tún máa sọ ọ́ fún un nínú ilé."

Ọmọ mi ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ni mo máa ń pè é, torí èmi àti òun nìkan ló kù nínú ilé wa. Irùngbọ̀n ti kún un lágbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe é lórúkọ. Kí ìyẹn tó dé, ìmọ̀ràn ni mò ń gbà. "Ẹ máa tì í mọ́lé." "Ẹ má jẹ́ kí àlejò rí i." Ẹni tó sọ ti àlejò yẹn, mo gbé bàtà rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa lọ, kí àlejò má baà rí òun náà.

Ọjọ́ kan ni Máfọwọ́kànmí kanlẹ̀kùn. Kò kí mi. Ó ní òun gbọ́ pé ẹnì kan bí òun ń gbé nínú ilé yìí. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ o. Kò ní "aláìsàn kan". Kò ní "ọmọ yín tó ń dà yín láàmú". Ẹnì kan bí òun.

Ó gbé àpótí sí àgbàlá, ó kẹ̀yìn sí yàrá ọmọ mi, ó ń rán ìṣẹ́tí aṣọ kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ó lọ. Ó tún wá. Ó tún lọ. Mo ti ń rò ó pé kí ni obìnrin yìí ń wá gan-an? Ìgbà tó yá, ọkọ mi yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ìlà yẹn wọ́." Ẹni tí kò bá àlejò sọ̀rọ̀ rí! Máfọwọ́kànmí ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán an wọ́, tí mò ń retí ẹ. Ọwọ́ ti ń ro mí." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wọlé, mo sì sunkún.

Òun ló bẹ alágbàfọ̀ tó fi fún òun, ọkọ mi àti àwọn mìíràn tó rí bíi tiwọn ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ aago kúrò lára ògiri torí pé ó ń ró. Wọ́n kọ ojú àga mélòó kan sí ògiri, fún ẹni tí kò bá fẹ́ wo ojú ènìyàn lọ́jọ́ náà. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní a, b, d. Wọ́n ń kọ́ ara wọn bí ènìyàn ṣe ń wọ báńkì, bó ṣe ń jókòó fún onígbàjámọ̀, bó ṣe ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé iná yẹn ò jẹ́ kí òun ríran ṣiṣẹ́. Inú yàrá yẹn ni ọkọ mi ti rí ọ̀nà dé ilé búrẹ́dì, níbi tó ti ń ká páálí dòní. Alágbàfọ̀ ò lè ṣe kó má dápàárá. Bó bá ti rí wọn, á ní, "Ẹgbẹ́ Àwa-Ò-Kíni ti dé o!" Máfọwọ́kànmí á dá a lóhùn pé, "Ìwọ tó ń kí gbogbo ayé, aṣọ ta lo ò tíì fi áyọ́ọ̀nù jó?"

Òwe kan wà tó kórìíra: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní ẹni tó pa òwe yẹn, ohùn tirẹ̀ ò lọ rí. Nínú yàrá wọn, ẹni tó bá dákẹ́, ẹlòmíràn ní ń bá a sọ tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń lọ sí ọ́fíìsì tàbí ọsibítù, wọ́n á bi í pé, "Ta ni ẹlẹ́nu rẹ lónìí?" Ẹni tí ohùn bá ń bẹ fún lọ́jọ́ náà á bá a lọ. Á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọsibítù yẹn sọ fún yín pé àwọn ò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Máfọwọ́kànmí wá bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́nu. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi di etí. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ńṣì yẹn náà ni.

Lọ́jọ́ tó kú, ikùn ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ọkọ mi ni ẹlẹ́nu rẹ̀. Kí ohùn rẹ̀ tó lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, ọmọ mi sì gbà á bó ṣe wà: "Apá ọ̀tún ikùn ló ń dùn ún. Àná ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti bì. Ara rẹ̀ gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Kí ni dókítà tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?

Wọ́n dé géètì. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní òfin tuntun ti dé, mọ̀lẹ́bí nìkan ló lè bá aláìsàn wọlé. Ó bi ọmọ mi pé, "Mọ̀lẹ́bí ẹ ni?"

Ọmọ mi ní, "Rárá."

Nínú gbogbo àwa tí à ń sọ èdè yìí, ta ni ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń ta omi fún wa, ẹ̀gbọ́n wa ni. Ọ̀rẹ́ ìyá wa, ìyá wa ni. Ẹni tí a jọ wọ mọ́tò láàárọ̀ ti di àbúrò wa kó tó di ìrọ̀lẹ́. Èmi ì bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, yà lọ́nà!" Ẹ̀ṣọ́ ì bá sì yà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í purọ́. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú un. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí Máfọwọ́kànmí nìkan wọlé, wọ́n sì ti géètì mọ́ ọmọ mi.

Ó di irin géètì mú, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an. Ó parí rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wọlé ń wò ó. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Rédíò, ó tó, wọ́n ti gbọ́."

Ta ló gbọ́?

Obìnrin kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, òun ló sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì bi Máfọwọ́kànmí ní orúkọ, kò dáhùn. Àwọn méjì dì í lápá láti fà á, ó já ara rẹ̀ gbà, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní ó ti mutí yó. Ọ̀kan ní kì í ṣe ọtí, orí ẹ̀ ló ń yí. Wọ́n ní kó jókòó síbẹ̀ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Ohun kan bẹ́ nínú ìfun rẹ̀, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ fọ́tò ara rẹ̀, níbi tí òun àti ọ̀gá ọsibítù ti jọ ń rẹ́rìn-ín.

Alágbàfọ̀ ló sáré wá pè mí. Nígbà tí mo dé, ohùn ọmọ mi ti há, ó ṣì ń sọ ọ́: apá ọ̀tún ikùn, àná ló bẹ̀rẹ̀. Mo wo ẹ̀ṣọ́ lójú, mo ní, "Ọmọ mi ni obìnrin tó wà nínú yẹn." Irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ wọlé, Mama." Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, kò já ara rẹ̀ gbà mọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Ó fi mí sórí àga, ó ní, "Mama, ẹ ṣe sùúrù. Ojú ẹ̀ ò fi hàn pé nǹkan ń dùn ún." Mo ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀, ẹni tó mọ bí adìẹ ṣe ń làágùn ni ẹ tì mọ́ta. Ó ní òfin ni. Mo ní ta ló ṣe é? Ó ní òun ò lè sọ. Ó wá ní Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run náà ló gbà á. Mo ní, "Ṣé Ọlọ́run ló ti géètì?" Ó dákẹ́. Tirẹ̀ ò bá a dákẹ́ ṣá o. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní.

Àwọn tó kù ṣì ń wá sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ẹnikẹ́ni ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ta ni ẹlẹ́nu rẹ. Alágbàfọ̀ ò dápàárá mọ́. Èmi àgbàlagbà, kí ni mo lè ṣe? Mo lè jókòó tì wọ́n. Mi ò lè ṣí géètì. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, kí ẹnì kan má sọ pé wọ́n bá mi sọ ohun tí mi ò sọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, mo ń béèrè. Ẹni tó ṣe òfin géètì yẹn, kó jáde, kó wá jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn, kó ṣàlàyé fún wọn ìdí tí ẹlẹ́nu ò fi tó ènìyàn. Ẹni tó ní ọtí ló mu, kó jáde, kó tún un sọ ní iwájú wa. Kí ẹ sì ṣí géètì fún ẹni tí aláìsàn bá mú wá, ìyá kan náà ì báà bí wọn, kó má bí wọn. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri yín.

Èmi náà á kú láìpẹ́, ọkọ mi ò sì ní ní mọ̀lẹ́bí kankan mọ́ láyé. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin Máfọwọ́kànmí, ó bi mí pé, "Mama, ká ní mo purọ́ ni, kì bá tí kú?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró níwájú dígí, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Á sọ ọ́ tán, á mi orí, á ní, "Rárá."

Ẹ dá wa lóhùn kó tó mọ irọ́ ọ́ pa.