Adènà Tí Kò Jẹ́ Kí Bíṣọ́ọ̀bù Wọlé

Bí ẹ bá dé Ladi-Lak ní Bàrígà, tí ẹ sì dárúkọ olóògbé Bàbá Ògúntádé, ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà náà pàápàá yóò sọ ọ́, yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ọdún 1984 ni, nígbà tí àwọn ológun ní kí gbogbo ìlú máa tò sórí ìlà, ìbáà ṣe níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ìbáà ṣe níbi tí wọ́n ti ń ra mílíìkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kùn. Inú Bàbá Ògúntádé ní tiwọn dùn ṣìnkìn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Bàbá ti jẹ́ olórí àwọn adènà ní Ìjọ Ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tò wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Bàbá ní ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n ni.

Òfin kan wà tí Bàbá kì í fi ṣeré rárá: bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà níta á dúró síta títí ìjọ yóò fi ṣe àmín. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún náà, Bíṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀ wá wàásù, mọ́tò sì yọnu lọ́nà. Àlùfáà Ikúmápàyí wo aago, wọ́n wo ojú ọ̀nà, wọ́n rí i pé ara ìjọ ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà títí Bíṣọ́ọ̀bù yóò fi wọlé." Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n dijú. Bàbá bọ́ síta, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí Bíṣọ́ọ̀bù dé, òógùn bo ojú wọn.

"Ẹ káàárọ̀ sà!" Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́."

"Bàbá, èmi ni Bíṣọ́ọ̀bù."

"Mo mọ̀ yín dáadáa sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi dọ̀bálẹ̀."

Ni Bíṣọ́ọ̀bù bá dúró. Nínú ilé, Àlùfáà ń gbàdúrà kí Bíṣọ́ọ̀bù lè ráyè dé. Níta, Bíṣọ́ọ̀bù ń dúró kí àdúrà lè ráyè parí. Àlùfáà gbàdúrà fún ìjọba, fún àwọn aboyún, fún àwọn apẹja Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà Bàrígà níbẹ̀, fún àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, fún iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, fún àwọn tó wà lójú òkun àti àwọn tó wà lójú òfuurufú. Ohùn wọn ti ń há. Wọ́n ti kan àwọn ẹranko inú igbó kí ìyá arúgbó kan tó la ojú, tó rí fìlà Bíṣọ́ọ̀bù láti ojú fèrèsé, tó sì fi gbogbo agbára ké "Àmín!" Gbogbo ìjọ gbè é. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. "Ẹ máa wọlé sà," ni wọ́n wí, "ẹ káàbọ̀ o."

Bíṣọ́ọ̀bù fi ẹ̀rín sí i. Ìgbìmọ̀ ìjọ ni kò rẹ́rìn-ín.

Ká tó dé orí ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní òpópónà Bajulaiye ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ń to lẹ́tà ìwé ìpè àti kàlẹ́ńdà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó wọn ti kú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wọn, síbẹ̀ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n léèrè, wọn yóò ní, "Bí mo bá pẹ́ dé Bajulaiye, ọ̀gá mi á bínú, á sì gbàgbé. Ìyá tó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìlàjẹ, tí kò rí ẹni kí i káàbọ̀, kò ní gbàgbé."

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe adènà ni Bàbá ń gbà. Sabina, aránṣọ, ti rán aṣọ funfun ti ara rẹ̀ kó tó wá tọrọ iṣẹ́, ó ra ìbọ̀wọ́ sí i, ó sì wọ bàtà gogoro. Bàbá yí i po, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Sabina, aṣọ yìí mà dára o. Ṣé o ti rí ilé ìyàgbẹ́ wa?"

Wọ́n gbé garawa àti búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹnu ọ̀nà ni mo ní mo fẹ́ o!"

"Ẹnu ọ̀nà náà nìyẹn. Nínú àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ta ni kò ní wá síbí?"

Sabina bú sẹ́kún, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì ṣe é. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, tí Bàbá fẹ́ fi ọ̀já adènà sí i lọ́rùn, ó ní òun gbà, àmọ́ kí wọ́n má gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ lọ́wọ́ òun, nítorí òun ò rò pé ẹlòmíràn á lè fọ̀ ọ́ kó mọ́.

Sabina yìí ló sọ ti obìnrin olówó kan tí Bàbá mú lọ jókòó ti ìyá ẹlẹ́ja. Ìyá náà ti ìdí ààrò wá tààrà, kò ráyè pa aṣọ dà. Obìnrin náà fi ọwọ́ pe Bàbá.

"Bàbá, èéfín ẹja ń rùn lára ìyá yìí."

"Ẹ má bínú mà. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé lọ́fínńdà yín ti fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Ẹ bá mi fara dà á fún ara yín."

Kí ìsìn tó parí, obìnrin olówó náà ti júwe ilé fún ìyá ẹlẹ́ja pé kó bá òun gbé ẹja wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tí Bàbá ń sọ fún àwọn adènà ni pé, "Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, èmi ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má jẹ́ kí àlejò rí i lójú yín."

Ó dáa, ìgbìmọ̀ pe Bàbá lẹ́yìn ìkórè. Alàgbà Ọdẹ́túnjí, tí í ṣe alága, yán lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀ jáde.

"Bàbá, ẹ ti ṣe é, ẹ ti ṣiṣẹ́. A ní kí ẹ lọ sinmi."

"Ṣé mo sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí ni?"

"Rárá o. Àwa ló rẹ̀."

Wọ́n gba ọ̀já lọ́rùn Bàbá. Nínú oṣù yẹn kan náà, ilé ìtẹ̀wé ti ilẹ̀kùn nítorí pé bébà kò wọ̀lú mọ́, iṣẹ́ bọ́. Ó wá di pé láàárín ọjọ́ méje, kò sí ibì kankan tí ẹnikẹ́ni ti ń retí Bàbá. Ó dùn wọ́n, kí n má purọ́ fún yín. Ẹni tó ti ń ṣe ìránṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n wá sọ fún pé kó jókòó, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi tàwọn yòókù, wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá kó ọwọ́ sí. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Wọ́n kàn ń wá ohun tí wọn yóò ṣe.

Òjò ọdún 1985 ló bá wọn wá a. Gọ́tà ńlá ló gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, afárá kékeré tó wà lórí rẹ̀ sì já. Kò sí owó sìmẹ́ǹtì. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò ó, àwọn àgbàlagbà ń dúró ní òdìkejì, wọ́n á gbọ́ orin àkọ́kọ́, wọ́n á padà sílé. Bàbá lọ tọrọ pákó kan ní ilé ìtẹ̀wé tó ti kógbá sílé, wọ́n gbé e dá gọ́tà, wọ́n wọ bàtà òjò, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń di àwọn ènìyàn lọ́wọ́ mú kọjá.

Alàgbà Ọdẹ́túnjí dé, ó rí wọn, ó dúró.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ wá dúró síbí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Alàgbà. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn lọ́hùn-ún. Gọ́tà rèé. Ẹ mú ọwọ́ yín wá, pákó ń yọ̀."

Alàgbà mú ọwọ́ wá. Ara rẹ̀ tóbi, ó sì mọ̀ pé òun ò lè fò ó.

Màmá Sìmbíátù ń wo gbogbo rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹrosíìnì ló ń tà. Ìmàle ni, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé bàbá rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ ò sì ń dilẹ̀.

"Bàbá, èló ni wọ́n tiẹ̀ ń san fún yín nínú òjò yìí?"

"Wọn ò san nǹkan kan. Wọ́n tiẹ̀ ti lé mi."

Màmá Sìmbíátù rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di Jímọ̀, tí òun àti àwọn ará àdúgbò ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó.

"Hà! Bàbá, òní kì í ṣe ọjọ́ tiyín o."

"Ṣé gọ́tà ti gbẹ lónìí ni? Ẹ mú ọwọ́ wá, Màmá."

Báyìí ló ṣe di iṣẹ́ Bàbá, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bíṣọ́ọ̀bù tún wá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n rí ẹni tó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n sì dá a mọ̀.

"Bàbá, ṣé wọn ò sí lórí àdúrà báyìí?"

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sà. Ẹ tètè máa lọ."

Bíṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín kọjá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdí tí Bàbá fi wà nídìí gọ́tà, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, Alàgbà Ọdẹ́túnjí fúnra rẹ̀ ló mú un wá, òun àti ọ̀já olórí adènà. Bàbá kà á tán. Wọ́n dúpẹ́, inú wọn dùn, omi tiẹ̀ lé ròrò sójú wọn.

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí mo bá wá padà sẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa dúró síbí?"

Bàbá fi ọ̀já náà sí Sabina lọ́rùn, wọ́n sì padà sídìí pákó wọn. Láti ìgbà òjò 1985 yẹn, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré mú Bàbá lọ. Ilé kún lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n sọ ti Bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ti ilé ìyàgbẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nu ojú. Lẹ́yìn náà Àlùfáà Ikúmápàyí béèrè ẹni tí yóò gba ipò Bàbá nídìí gọ́tà. Àwọn akọrin ní láti kọrin, àwọn adènà ní láti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó kù sì fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Ẹnì kan wá na ọwọ́ lẹ́yìn pátápátá. Màmá Sìmbíátù ni.

"Àlùfáà, ẹ dákun, ṣé dandan ni kí ẹni náà jẹ́ ọmọ ìjọ?"

Àlùfáà yíjú sí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Torí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, inú ilé ni gbogbo yín máa ń wà. Èmi, ìta ni mo wà. Ìta niṣẹ́ yìí náà wà."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. "Màmá, Ọlọ́run yóò san án fún yín."

"Wọ́n ti san án fún mi, sà. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá yìí fi di ọwọ́ mi mú kọjá lọ kírun. Wọn ò fìgbà kan bi mí pé ibo ni mò ń lọ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀, Màmá Sìmbíátù sì ti dé ìdí pákó kí agogo àkọ́kọ́ tó lù, ó na ọwọ́ sí ẹni tó kọ́kọ́ dé.