Ọdún Kan Tó Fi Lé

Olóògbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tíṣà ní Bódìjà, kì í dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu awò ojú wọn. Yunifásítì méjì ló gbà wọ́n láti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn: ti Ìlú Ọba jẹ́ ọdún mẹ́ta, ti Amẹ́ríkà jẹ́ mẹ́rin. Àìsàn sì ń bá Ìyá wa fínra.

"Ìlú Ọba ni kó o lọ," ni Ìyá wí.

Ẹ̀gbọ́n mi nu awò, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ti Amẹ́ríkà ni mo mú, Ìyá. Ọdún kan péré ló fi lé."

"Ọdún kan yẹn gan-an ni n ò ní."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá ní ká gbé àpótí aṣọ wọn wá. Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́ gba sányán, Dúpẹ́ àbúrò rẹ̀ gba ẹtù. Wọ́n na àdìrẹ sí mi, mo káwọ́ sẹ́yìn.