Ẹkùn Òkun Kẹta

Bàbá Ògúnkànmí ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, irin ló ń jó ní Mowe báyìí. Ó mọ ìtàn àwọn ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ Ẹkùn Òkun bí ẹni mowó. Èkíní jóná. Èkejì, tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, forí sọ àpáta, ó rì. Láàárọ̀ yìí ni Ṣèyífúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tóun náà jẹ́ ológun ojú omi, pè é pé wọ́n ti gbé òun lọ sí ẹ̀kẹta.

Àyà Bàbá já. Àwọn ọ̀gá ológun tó tún sọ ọkọ̀ yìí ní Ẹkùn Òkun ò tiẹ̀ gbọ́n! Àbíkú tó bá padà wá, ta ní ń sọ ọ́ lórúkọ àtijọ́? Orúkọ tí yóò dá a dúró là ń fún un!

"Dúrójayé ni kó o máa pè é o. Kọ ọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì ẹ."

Nígbà tó dọ̀sán, Ṣèyífúnmi fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ti kọ Dúrójayé gàdàgbà sára irin. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tún un wò, ó sì sáré pè é.

"Kí lo fi kọ ọ́?"

"Ṣọ́ọ̀kì ni, sà."

"Ṣọ́ọ̀kì! Omi òkun díẹ̀ péré ló máa fọ̀ ọ́ nù! Sáré wá ọ̀dà!"

"A ti ṣí, sà. Nẹ́tíwọ̀kì ti ń..."

Ohùn rẹ̀ já.