Ìyá Ẹ̀yin Kì Í Pe Ẹnikẹ́ni ní Ìwọ

Tí ẹ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, ẹ ó rí pátákó funfun kan tí wọ́n kọ IYA EYIN sí gàdàgbà. Ọmọbìnrin alágbàfọ̀ náà ló kọ ọ́, kò sì fi àmì kankan sórí ẹ̀. Àṣìṣe yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ o. Àjèjì á yọjú sójú fèrèsé, á ní òun fẹ́ ra ẹyin. Alágbàfọ̀ náà á gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ni, kì í ṣe ẹyin. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní aṣọ tó dọ̀tí, ẹ gbé e wá." Àwọn mìíràn tibẹ̀ di oníbàárà rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ò jìnnà. Obìnrin yìí kì í pe ẹnikẹ́ni ní ìwọ. Àgbà, ẹ̀yin. Ọmọdé tí màmá rẹ̀ rán wá gba aṣọ, ẹ̀yin. Ológbò tó máa ń sùn sórí aṣọ tó ti lọ̀ tán, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀." Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, ìyá yẹn ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, ó ṣèèṣì sọ fún àlejò kan pé "o ti dé", etí tí wọ́n fà fún un lọ́jọ́ náà, ó ń sọ ọ́ títí dòní. Kó má baà tún ṣe àṣìṣe, ó kúkú kó gbogbo ẹ̀dá sínú ẹ̀yin.

Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Kọ́là ẹ̀wù ló máa ń kọ́kọ́ lọ̀, láti etí wá sí àárín kó má baà ká jọ, á kan èjìká, á kan ẹnu apá, ara ẹ̀wù ló máa ń gbẹ̀yìn. Ìka ló fi ń wọ́n omi sí i. Ẹ̀wù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́.

Ó fẹ́ràn Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Ọjọ́ ìsinmi kì í bá a nílé, àárín àwọn akọrin ni ìjókòó rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yin yìí tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ibi tí orin bá ti ní "rẹ", ó ti sọ ọ́ di "yín", ohùn rẹ̀ á wá máa gòkè níbi tí tàwọn yòókù ti ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá akọrin bá a sọ ọ́ títí, ó sú u. "Mà, orin ni. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ rí Ọlọ́run fín." Ó ní, "Ẹ ṣeun sà, mo ti gbọ́." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, "yín" náà ni.

Tó bá wá dórí àdúrà, ó di ìkíni. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa. Ẹ kú àbójútó wa. Ẹ kú ọ̀rọ̀ oòrùn, ẹ kú ọ̀rọ̀ òjò." Á kí I títí, á dúpẹ́ títí, tó bá wá dé ibi tó yẹ kó sọ ohun tó ń ṣe é, á ní, "Kò séwu lọ́dọ̀ wa, a ò fẹ́ máa yọ yín lẹ́nu. Àmín." Bó ṣe ń dá àwọn oníbàárà lóhùn náà nìyẹn. Ẹ̀yìn lè máa dùn ún débi pé kò lè nà tán, ẹ bi í, á ní dáadáa ni. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, obìnrin yìí ń kí Ọlọ́run ni, kò tíì bá A sọ̀rọ̀ rí.

Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í fi ìkíni ṣe àdúrà. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é ní Bíríkìlà. Láràárọ̀, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ nílẹ̀, á sì máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ. "Baba, o ṣé tí mo jí. Orúnkún yìí ńkọ́? A jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lánàá o." Ara ìyàwó rẹ̀ á bù máṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Bàbá mi ni."

"Ṣé bí ẹ ṣe ń bá bàbá tó bí yín sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Èyí sún mọ́ mi ju ìyẹn lọ," Bíríkìlà á fèsì. "Ìwọ tí ò ń bá A sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ńkọ́? Tó bá bi ọ́ pé kí lo fẹ́, wàá ní o kàn ń kọjá lọ ni."

Ìyá Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, torí kò mọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Bíríkìlà tí kò ní rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Tó bá ń lọ aṣọ lóun nìkan, ó máa ń ṣe é bíi pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹnìkan lòun dúró sí láti ọjọ́ yìí, tóun ń kan sáárá sí ilẹ̀kùn, tóun ò wọlé. Ó wù ú kó wọlé. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìrí àgbà fín ni.

Ìgbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Bíríkìlà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní òkúta ló wà nínú àpò òróòro rẹ̀, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ó fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá kí i. "Gbogbo òkúta tí mo gbé láyé yìí, mi ò mọ̀ pé mo gbé ọ̀kan wálé." Ṣùgbọ́n dókítà pe ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òkúta kọ́ ló ń kọ àwọn lóminú, ọkàn bàbá ni ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Oògùn tí àwọn máa fi kùn ún lóorun, ó lè sùn kó má jí. Bẹ́ẹ̀, tí àwọn bá fi òkúta yẹn síbẹ̀, á pa á. Ìyá Ẹ̀yin mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ kú iṣẹ́." Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù láti ìlú tó wà, tó bi í bóyá nǹkan wà tó yẹ kóun mọ̀, ó ní kò sí nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń ti Bíríkìlà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lórí bẹ́ẹ̀dì alátáyà. Ó ṣì ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà, ó ní kí wọ́n rọra wọ kọ́nà, òun kì í ṣe yanrìn. Kí wọ́n tó wọlé, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi bá A sọ̀rọ̀ o. Kì í ṣe kó o kàn kí I."

Ilẹ̀kùn pa dé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, òórùn oògùn tí wọ́n fi nulẹ̀ gba ibẹ̀ kan, oòrùn àárọ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé sórí àwọn ìjókòó oníke tó tò síbẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀yin jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Olúwa. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn tó wà níbí." Ó dúpẹ́ ti dókítà. Ó dúpẹ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ó dúpẹ́ dórí ìjókòó tó jókòó lé. Ó wá dé ibi tó máa ń dé.

"Kò séwu lọ́dọ̀ wa..."

Irọ́ ni, kò sọ ọ́ parí. Ewu ń bẹ. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n ti kùn ún lóorun, ó sì lè má jí. Ó tún gbìyànjú. "Ẹ má bínú, Olúwa, a ò fẹ́ máa yọ yín..." Kò lọ. Ló bá gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì là.

"Ìwọ, gbọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé O rí mi? Jọ̀ọ́, má mú un lọ. Mi ò tún ní ẹlòmíràn tó ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pe Ọlọ́run ní ìwọ. Àfi bíi pé ìyá àgbà máa ti ibìkan nawọ́ wá, ó tiẹ̀ di etí ara rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó fa etí kankan. Ẹkún ló dé, ẹkún tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì sun ún dáadáa. Ó wá ń ṣe é bíi pé ẹnìkan wà lórí ìjókòó kejì, tí kò kánjú, tí kò sì ní kó panu mọ́. Ni ó bá ń sọ ọ́ lọ.

Ẹni tó ti ń fi ìkíni bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láti kékeré, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ á kún inú ẹ̀. Ó sọ fún Un pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ó sọ fún Un pé inú ń bí òun sí Bíríkìlà, tó fi ìrora pamọ́ títí ó fi fẹ́ pa á. "Ìwà ẹ̀ nìyẹn, O mọ̀ ọ́n, Ìwọ náà lo dá a bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Mo tiẹ̀ bínú sí Ọ náà díẹ̀." Ó sọ pé òun ń ṣàárò ìyá àgbà, ó sì tún sọ pé etí yẹn dun òun gan-an. Ibẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró.

"Mà, ṣé èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Rárá o. Ẹ máa lọ, a ṣì ń sọ̀rọ̀."

Nígbà tó ti sọ ọ́ títí, ó nu ojú. "Mo fẹ́ kó jí. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá jí, má fi èmi nìkan sílẹ̀ níbí." Ara rẹ̀ wá silẹ̀. Irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní ẹ̀rù ọ̀hún tán, kò tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé e mọ́. Ó jókòó ti Ọlọ́run rẹ̀, wọ́n jọ ń wo ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ti pọ́n kí dókítà tó jáde. Ó yọ aṣọ tó fi bo imú, ó ní àwọn ti yọ òkúta náà, ọkàn bàbá sì gbà á, ó ti ń jí bọ̀. Ìyá Ẹ̀yin fẹ́ dìde kí i, ó tún jókòó.

Nígbà tí wọ́n ní kó wọlé, ojú kan ni Bíríkìlà ṣí là. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó ti wú.

"O sunkún."

"Mo sunkún."

"Ṣé o bá A sọ̀rọ̀, àbí o kí I?"

"Mo bá A sọ̀rọ̀."

Bíríkìlà la ojú kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sí àdúrà tí obìnrin yìí gbà tí òun ò gbọ́, ó lè kà wọ́n lórí. "Kí lo sọ fún Un?"

Ìyá Ẹ̀yin fọwọ́ na etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì títí tó fi tẹ́ dáadáa.

"Kò kàn yín," ó ní. "Ọ̀rọ̀ èmi àti Òun ni."