Ìrẹsì Àná fún Ọmọ Orogún

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán tí ẹ bèèrè Wúlẹ̀mọ̀tù, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin tó tọ́ ọmọ orogún ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Tẹjúmádé, orogún rẹ̀, kú nígbà tí Gàníyù ọmọ rẹ̀ ṣì ń rákò. Ẹbí òkú wá láti Àrán-Ọ̀rin, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ọmọ àwọn lọ. Wúlẹ̀mọ̀tù gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Kò ní jẹ ìkàsì nílé mi láé."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tí wọ́n bá pàlọ́ fún lábẹ́ òṣùpá mọ̀ pé oúnjẹ àná ni a fi ń dá ìyálé burúkú mọ̀: ọmọ tirẹ̀ á jẹ gbígbóná, ọmọ òkú á máa ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wúlẹ̀mọ̀tù ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà fi òun náà pàlọ́. Títí Gàníyù fi dàgbà, ẹ̀kọ tó bá ti sùn mọ́jú, ti ewúrẹ́ ni.

Gàníyù wá lọ kàwé ní ilẹ̀ Indonéṣíà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ti rù, ó sì ń jẹun bí ẹyẹ. Wúlẹ̀mọ̀tù gúnyán, ó rokà, kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Kí lo wá fẹ́ jẹ, Àlàó?"

"Ìyá, ìrẹsì díndín tiwọn lọ́hùn-ún ni. Ẹ bá mi se ìrẹsì funfun nírọ̀lẹ́, kó wà nínú abọ́ kó tutù dọ̀la. Èmi ni màá dín in."

"Dọ̀la kẹ̀?"

"Ti àná ló ń dùn."

Wúlẹ̀mọ̀tù rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, kí ni ì bá tún jẹ́? Ó se é lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti mọ́, ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ó da ìrẹsì náà fún adìẹ, ó se òmíràn tó ń gbóná fẹlifẹli. Gàníyù ti mọ́sálásí dé.

"Ìyá, ìrẹsì mi dà?"

"Òun nìyí. Gbígbóná ni mo sè fún ọ."

"Ti àná ńkọ́?"

"Bi adìẹ léèrè."

Gàníyù káwọ́ lérí.

"Sọ ọwọ́ kalẹ̀ o, kò sẹ́ni tó kú!"

Síbẹ̀, Gàníyù gbé agbada ka gáàsì. Ó dín àlùbọ́sà, ááyù, ata àti edé lílọ̀, ó da ìrẹsì lé e. Ó wá ta omi dúdú kan sí i láti inú ìgò tó gbé bọ̀. Ó ki bí oyin, ó sì dùn bí oyin. Ohun dídùn nínú ìrẹsì aláta! Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra bíi tùwó.

"Ẹ rí i, Ìyá? Omi ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ti sùn á ti gbẹ, hóró kan ò ní di ìkejì mú." Ó tọ́ ọ wò, ó dúpẹ́, ó sì rọra ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Abọ́ tó tì yẹn dun Wúlẹ̀mọ̀tù. Nírọ̀lẹ́, ó tún se òmíràn. Ó bò ó. Kò sí ti adìẹ níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Gàníyù ti lọ ra ẹyin nígbà tí ọ̀kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Asisat ni, àbúrò Tẹjúmádé, ó gbé iṣu wá kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàbọ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù gbọ́ ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára abọ́, ó fẹ́ tì í sábẹ́ tábìlì. Ó wá rántí bí ọmọ náà ṣe ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣí ìdérí, ó tan iná.

"Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn? Ìrẹsì tútù?"

"Ti àná ni."

"Ti adìẹ?"

"Ti Gàníyù."

Asisat pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ jẹ gbígbóná ní kékeré, ó kàwé tán, ó ti òkè òkun dé, ìkàsì ló wá kàn! Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi nínú sàréè?"

"Wọ́n ní kí n ṣe é ni."

"Ta ló ní kí ẹ ṣe é? Òkú?"

"Ọmọ rẹ."

Ibẹ̀ ni Gàníyù wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Asisat, ó rí abọ́, ó fò sókè bí ọmọdé. "Ìyá! Ẹ jẹ́ kó sùn! Ẹ ṣeun!"

"Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí o máa wí," ni Asisat sọ.

Gàníyù dín in. Hóró ìrẹsì ń fò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú agbada, ó sì fi odindi ẹyin díndín dé e lórí. Ó ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀. "Ìyá onílé mi lọ́hùn-ún ló máa ń dín in fún mi láàárọ̀. Bí mo bá pẹ́ dé lálẹ́, wọ́n á ti bu tèmi pamọ́. Tí mo bá ti rí ìrẹsì àná, mo mọ̀ pé wọ́n rántí mi."

Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó. Obìnrin kan wà lókè òkun tó ń fún ọmọ òun ní ìkàsì, ọmọ sì ń pè é ní ìfẹ́. Ṣé kí òun ṣàdúrà fún obìnrin náà ni, àbí kí òun ṣẹ́ èpè fún un? Gbogbo bí òun ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọmọ yìí láti kékeré, ṣé ohun dídùn ni òun fi ń dù ú? Ó tọ́ díẹ̀ wò. Ata ta á, adùn tẹ̀lé e, òórùn edé gba imú jáde. Kò lè sọ bóyá ó dùn. Ó tún bù sí i kó lè mọ̀. Kò mọ̀ síbẹ̀.

Asisat ò fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sínú abọ́ fún òun. "Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i."

"Kí wọ́n rí i, àbí kí wọ́n jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n délé ná."

Ọ̀kadà gbé e lọ. Wúlẹ̀mọ̀tù ò mọ̀ bóyá oúnjẹ ló dì fún un ni, àbí ẹjọ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó tún se ìrẹsì. Kò gbé e pamọ́. Ó tẹ́ ẹ sínú tírè, ó fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin, ó gbé e ka orí àga níwájú ilé, níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti lè rí i. Obìnrin ilé kejì dúró, ó wò ó títí.

"Ìyá, ta ló ni ìrẹsì tó ń gba atẹ́gùn?"

"Ọmọ mi ni. Ọ̀la ni yóò jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ẹ. Bó bá yé ọ, jọ̀ọ́, wọlé wá ṣàlàyé fún mi."